Ìkìlọ̀ Kẹsàn-án

Nínú yàrá kan lẹ́yìn gáréèjì Ore, Àsíátù ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gbọn bàálù láìsí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run. Olúwatóyọ̀sí, àbúrò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ló ń bá a wọn ìyára afẹ́fẹ́ òkè.

Oṣù mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ bàálù fi ń dán wọn wò. Àsíátù yóò kọ ìkìlọ̀, Lawrence, ọ̀gá wọn, yóò tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Awakọ̀ bàálù kankan kò gbọdọ̀ gbọ́. Bí bàálù bá gúnlẹ̀, wọn yóò bi awakọ̀ bóyá ó mì. Bí ìkìlọ̀ bá ń ṣẹ, wọn yóò máa kìlọ̀ fún gbogbo bàálù láti ìgbà náà lọ. Bí kò bá ṣẹ, iṣẹ́ parí, Àsíátù yóò sì padà sí Ago Alaye, sínú oko kòkó tí bàbá rẹ̀ ń bá onílẹ̀ dá.

Ó ti kọ mẹ́jọ. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni kò ṣẹ.

"Anti Àsíátù, afẹ́fẹ́ yín yìí mà ń tijú o," Tóyọ̀sí fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Àsíátù rí i pé bàálù Abuja tí yóò gbéra láago mẹ́ta yóò mì gan-an lókè Odigbo. Ó bẹ Lawrence pé kí wọ́n sọ fún awakọ̀. Lawrence rán an létí pé òun Àsíátù ti fọwọ́ sí ìwé pé awakọ̀ kankan kò ní gbọ́.

"Bí kò bá mì, iṣẹ́ bọ́," Àsíátù sọ fún Tóyọ̀sí. "Bí ó bá mì, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò forí gbá àjà."

"Èwo wá lẹ ń gbàdúrà fún?"

Àsíátù kọ ìkìlọ̀ kẹsàn-án náà. Tóyọ̀sí mú fóònù, ó ní òun fẹ́ kí àwọn ará ilé, ó bọ́ síta.

Láago mẹ́rin kọjá, Lawrence wọlé. Awakọ̀ ní tíì inú ife òun kò mì rárá.

Wọ́n kó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ lọ lọ́jọ́ kejì. Tóyọ̀sí sunkún ju Àsíátù lọ.

"Ẹ dárí jì mí, Anti."

Àsíátù ní kí ló ṣe, ṣebí ìwọ̀n rẹ̀ kò yẹ̀ rí. Ó gun ọ̀kadà, ó gba ọ̀nà Ago Alaye.

Ìgbà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni Tóyọ̀sí ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sọ ọ̀nà tí bàálù yóò gbà fún awakọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ìgbà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì ni awakọ̀ yà gba ibòmíràn kọjá.