Alàgbà Tó Wa Bèbè Odò

Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ wá pa á tì o. Ẹ ka ìtàn yìí tán, torí ilẹ̀ tí gbogbo wa ń tẹ̀ ló kàn.

1.
Alàgbà kan wà tí ohùn rẹ̀ máa ń mi fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ń gbàdúrà. Iyanrìn ló ń wà tà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ni olórí akọrin ìjọ kan náà. Odò ń ṣàn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ìjọ tí àwọn opó ń gbin ẹ̀fọ́ sí ló wà láàárín. Ilé Alàgbà náà kò jìnnà, odò yẹn kan náà ló kẹ́yìn sí.

Nígbà tí iyanrìn tán níbi tó ti ń wà á, ojú rẹ̀ bọ́ sí bèbè tó wà ní ilẹ̀ ìjọ. Ó ṣèlérí òrùlé tuntun fún pásítọ̀. Pásítọ̀ tí òjò ń rọ̀ lé lórí pẹpẹ, níbo ni yóò ti rí ẹnu sọ pé rárá?

Ní ìpàdé ìjọ, pásítọ̀ súre fún iṣẹ́ náà lórí pẹpẹ, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Aránṣọ nìkan ló dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bèbè yẹn ló di odò mú. Tí ẹ bá wà á, kí ló máa dá omi dúró?"

"Ọlọ́run ti fi ayé sábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Jókòó, ìwọ ọmọ yìí!"

"Ká lè ríbi dúró sí ni, kì í ṣe ká tẹ̀ ẹ́ pa. Ọgbà ló fi Ádámù sí, ó ní kó máa tọ́jú rẹ̀. Kò ní kó tà á."

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n ní ó rí àgbà fín, wọ́n gba ipò olórí akọrin lọ́wọ́ rẹ̀.

2.
Ó dùn ún wọra. Ó sunkún lórí ẹ̀rọ ìránṣọ títí aṣọ oníbàárà fi tutù. Ṣùgbọ́n nígbà tó nu ojú tán, kò bẹ ẹnì kankan. Ó kó àwọn opó jọ, wọ́n ń gbin oparun àti koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ ṣinṣin sórí bèbè náà, wọ́n sì ń kọrin sí i.

"Ipò ni wọ́n gbà," ó ní. "Wọn ò gba ọ̀fun mi."

Lọ́jọ́ tí katakata dé láti wa ilẹ̀, ó lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Kúrò lọ́nà!" Alàgbà pariwo. "Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ wò ó, mo kúnlẹ̀." Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, níwájú irin ńlá náà. "Ṣùgbọ́n mi ò ní dìde."

Àwọn opó náà wá ń kúnlẹ̀ tì í, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó ní òun ò lè wa ọkọ̀ gun orí àwọn ìyá tó wà lórí àdúrà.

3.
Ẹ̀yin èèyàn mi, etí ìgbéraga di. Alàgbà yí katakata sí ẹ̀yìn ilé ara rẹ̀.

"Tèmi nìyí! Ẹ jẹ́ n rí ẹni tó máa wá kúnlẹ̀ níbí!"

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Aránṣọ náà lọ bẹ̀ ẹ́: "Èmi ni kí ẹ bínú sí, ẹ má fi ilé yín gbẹ̀san." Alàgbà ti géètì mọ́ ọn lójú, ó sì wa bèbè ẹ̀yìn ilé rẹ̀ títí iyanrìn ibẹ̀ fi tán.

Òjò wá dé, odò kún. Alàgbà ń jẹ́rìí lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan nígbà tí ìyàwó rẹ̀ já wọlé láìwọ bàtà.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ilé ń lọ!"

Kí wọ́n tó débẹ̀, omi ti gbé ilé ìdáná. Ojú wọn ni pálọ̀ ṣe fì bí ọ̀mùtí, tó sì ya lulẹ̀ sínú odò. Ọlọ́run yọ ẹ̀mí, ṣùgbọ́n kò ku ṣíbí. Ní ti ilẹ̀ ìjọ, omi lù ú, koríko tẹ̀ ba, kò hú.

4.
Lọ́sẹ̀ kejì, Alàgbà dìde sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ. "Èṣù ló bá mi jà! Ẹ bá mi gbààwẹ̀."

Aránṣọ dìde láti ìjókòó ẹ̀yìn. "Ẹ má purọ́ mọ́ Èṣù, ẹ̀gbọ́n mi. Èṣù ò ní katakata."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ní kí aránṣọ padà sí ipò olórí akọrin.

"Ipò kọ́ ni mò ń wá, sà. Ibi tí ẹ ti súre fún un, ẹ sọ níbẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yìn níbí tó mi."

Pásítọ̀ sọ ọ́ tomijétomijé. Alàgbà mú fìlà, ó jáde. Ìyàwó rẹ̀ kò tẹ̀ lé e, ọkọ́ ló lọ mú, ó bá àwọn opó lọ sí bèbè.

Yàrá àyágbé ni Alàgbà wà báyìí. Àbúrò rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ fún un, wọ́n sì ń ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu Alàgbà kò tíì sọ pé, "Mo ṣẹ̀." Aránṣọ náà kò sì tíì sọ fún un pé kò burú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Ọlọ́run ní Ẹlẹ́dàá, ẹ ṣọ́ra! Ẹ má fi ẹnu yìn ín lórí pẹpẹ kí ẹ fi ọwọ́ wó iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ń wó o, bó jẹ́ ọmọ ìyá yín, bó jẹ́ alàgbà, ẹ má dákẹ́. Ẹni bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ.