Ọkọ̀ tí Kò Mu Oògùn Rí

Bí èèyàn bá sọ fún mẹkáníìkì yìí pé òjò ń bọ̀, yóò ní òun ti mọ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Mo-ti-mọ̀. Ohun tó kórìíra jù láyé ni oògùn ẹ́ńjìnì, àwọn ìgò kéékèèké tí wọ́n ń dà sínú táńkì pé yóò fọ ọ̀nà epo mọ́. Oníbàárà tó bá gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́yà.

"Ọkọ̀ yín ń wúkọ́ ni, tí ẹ fi fẹ́ fún un lóògùn?" Á gba ìgò náà, á jù ú sínú páálí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ wo ọkọ̀ tèmi níta yẹn. Ọdún kẹrìndínlógún rẹ̀ rèé, kò mu oògùn rí. Àwọn tí kò lọ́pọlọ ni wọ́n ń tà á fún."

Òótọ́ ni pé ọkọ̀ náà dára. Bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, àfi kí èèyàn fọwọ́ kàn án kó tó mọ̀ pé wọn ò tíì pa á. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wà á jù. Ó ń fi gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, ó ń fi ra irinṣẹ́ wá, òun náà ló sì ń lọ tò nílé epo, nítorí Mo-ti-mọ̀ ní òun ò lè tò sẹ́yìn àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ́ńjìnì àti ìkòkò. Obìnrin náà kì í fi nǹkan ṣòfò. Bí ọṣẹ bá kù bíńtín, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ tuntun. Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àlejò.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ń kú lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti la ọ̀nà tuntun, ọkọ̀ kì í gba iwájú rẹ̀ mọ́, méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ti bá tiwọn lọ. Ìyá onílé-ìwé kan tó ní bọ́ọ̀sì mẹ́jọ ló kù tó lè gbà á sílẹ̀. Ìyá yìí ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú àwọn bọ́ọ̀sì náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta oògùn ẹ́ńjìnì ti tètè dé ibẹ̀, ó ní bí wọ́n bá ti ń da oògùn òun sí i, kí ni wọ́n fẹ́ fi mẹkáníìkì ṣe?

Ìyá onílé-ìwé ní kí àwọn méjèèjì gbé ọkọ̀ ara wọn wá lọ́jọ́ Ẹtì. Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni nípa ẹ̀rọ yóò tú nọ́sù wọn wò, ìyẹn àwọn ẹnu tíńtín tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì. Ẹni tí tirẹ̀ bá mọ́ jù ló ni iṣẹ́.

Mo-ti-mọ̀ rẹ́rìn-ín délé. Nígbà tó ròyìn fún ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ wa lọ. Ẹ yá ti ẹlòmíì."

"Kí ló dé?"

"Tiwa kọ́ ló yẹ kí wọ́n fi dá irú ẹjọ́ yẹn."

"Ṣé o rò pé inú ẹ̀ dọ̀tí ni? Látọjọ́ tó o ti wà nílé mi, o ò tíì mọ ẹni tó fẹ́ ẹ?"

"Mo mọ̀ yín, Bàbá wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ fún yín pé…"

"Mo ti mọ̀! Obìnrin àti ẹ́ńjìnì! Lọ bu omi wá fún mi."

Obìnrin náà lọ bu omi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, olóògùn dé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ gbọnrangandan àti ìgò rẹpẹtẹ nínú búùtù, kò sí èyí tí wọ́n ṣí nínú wọn. Ó na ọ̀kan sí Mo-ti-mọ̀ pé kó fi dán an wò. Mo-ti-mọ̀ gbà á, ó sọ ọ́ sórí àga ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀ bí ẹni sọ eegun fún ajá.

Olùkọ́ kọ́kọ́ tú ti olóògùn. Èédú ti bo nọ́sù rẹ̀, ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ó tú ti Mo-ti-mọ̀. Ó ń dán bí abẹ́rẹ́ tuntun. Ó gbé e sójú oòrùn, ó tún un gbé.

"Ọ̀gá, ẹ ò da nǹkan kan sí i?"

"Bí oògùn bá kán sínú ẹ̀ rí, kẹ́ ẹ tì mí mọ́lé."

Lẹ́yìn náà ni Mo-ti-mọ̀ wá kọjú sí olóògùn. "Ẹni tó ní òun ó dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ọrùn tìẹ rèé, àkísà! Lọ kọ́ṣẹ́, ọlọ́mi ìgò." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. 

Mo-ti-mọ̀ gba iṣẹ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé oògùn kankan kò gbọdọ̀ kan táńkì bọ́ọ̀sì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó bá ìyá onílé-ìwé wọ ọ́fíìsì lọ láti fọwọ́ sí i. Ìyàwó rẹ̀ tó bá a wá dúró ti ọkọ̀ níta, níbi tí olóògùn ti ń palẹ̀ mọ́.

"Mà, irọ́ kọ́ ni oògùn yìí," ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ, kò lè wo ojú rẹ̀. "Èmi ni mi ò da ẹyọ kan sínú tèmi rí. Ọjà ni. Mo ń ṣahun."

"Mo mọ̀ pé irọ́ kọ́," obìnrin náà dá a lóhùn.

Nígbà tí ẹ̀rín ọkọ rẹ̀ ń dún láti inú ọ́fíìsì, ó na ọwọ́ mú ìgò orí àga ẹ̀yìn, ó ṣí táńkì, ó sì dà á sí i tán porogodo, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń da àwọn ìgò inú páálí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, nítorí kò lè fojú ara rẹ̀ wo ohun tí èèyàn fowó rà kó ṣòfò.