Ẹ̀rọ Tó Ń Pẹ́ Dáhùn

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n sọ ohun tí ojú Káyédé rí fún yín.

Ní ọsibítù wa, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà méjì ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ohun tí a bá kọ sí ti iwájú, ti ilé ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dà á kọ, kó sì dáhùn pé òun ti gbà á, kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá so ẹsẹ̀ pọ̀ mọ́ arọ, ìrìn arọ ni yóò rìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Aláboyún kan sì ń ṣẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tíì wọ inú ẹ̀rọ ní ẹ̀jẹ̀.

Káyédé tó ń tún ẹ̀rọ ṣe sáré lọ sí ilé ẹ̀yìn. Kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àmọ́ ó ń gbọ́ ìró bíi ti gègé ìkọ̀wé tó ń ha bébà. Ó fa gbogbo wáyà ẹ̀rọ náà yọ, kí ti iwájú má baà dúró dè é mọ́, ó sì pe Nọ́ọ̀sì Ìbídùn tó wà nídìí ẹ̀rọ iwájú lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ tún orúkọ aláboyún yẹn kọ. Mo ti já a."

"O já kí ni, Káyédé? Ó ṣì ń dáhùn! Ó ní kí n dúró."

Ìró gègé dákẹ́. Ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ:

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan wáyà mi? Ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́, ẹ má kán mi lójú. Ìwé alààyè àti ìwé òkú ló wà níwájú mi, n kò tíì yan èyí tí n ó kọ obìnrin náà sí."

Ìbídùn ló sọ ọ́ fún mi. Fóònù ṣì wà létí rẹ̀ nígbà tí ohùn náà sọ̀rọ̀.