Ohun Tó Ń Mi Ìdí Ọkọ̀

Wúràọlá mẹkáníìkì ti pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn, ó ti pààrọ̀ ṣọ́kì, síbẹ̀ bí eré bá ti le lọ́nà márosẹ̀, ìdí ọkọ̀ Alàgbà Fátókun á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jókòó níwájú, wọ́n ń dán ọkọ̀ wò. Wúràọlá tẹ́tí. Kì í ṣe irin ló ń dún. Sítì ẹ̀yìn ni, bí ìgbà tí èèyàn ń sún láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì.

Ohùn alàgbà ń gbọ̀n. “Wúrà, jẹ́ ká padà.”

“Padà kẹ̀, sà? Kò sóhun tó máa lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ mi!” Kò bojú wẹ̀yìn. “Ìwọ tó ń dà mí láàmú, jókòó sójú kan, kí o so bẹ́líìtì rẹ!”

Ìdí ọkọ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn wọn, bẹ́líìtì dún ká.