Ta Ló Ń Yọ Òwú Ara Ọkọ̀?

Káfíńtà tún ń búra.

"Ọ̀gá, mo ki òwú sí gbogbo àárín pákó yẹn lánàá!"

Òwú dà? Ó ti di àwátì. Bí mo bá gbé ọkọ̀ bàbá mi yìí sómi báyìí, ńṣe ló máa rì.

Aṣọ ìgbòkun tuntun ti délẹ̀, òwú yìí nìkan ló kù. Ọkùnrin yìí ò kàn fẹ́ kí iṣẹ́ tán ni.

Mo lé e dànù. Mo fọwọ́ ara mi ki òwú, mo fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn ibi tí ọkọ̀ wà.

Ilẹ̀ mọ́, òwú tún ti lọ.

Màmá mi nìkan ló tún ní kọ́kọ́rọ́.

Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Òwú kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

"Màmá, kí lèyí?"

Wọn ò wojú mi.

"Lọ́jọ́ tí bàbá ẹ wọ ọkọ̀ yẹn lọ, ọkọ̀ nìkan ló padà wálé."