Ẹ̀rọ Ìgbọ́rọ̀ Bàbá àti Ọwọ́ Tó Yí Iná Rẹ̀ Sókè

Ẹ̀gbọ́n kan ba iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́, ó sì ti ẹ̀bi náà sí i lọ́rùn lójú bàbá wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ó lè jẹ́ ilé yín ni mò ń bá wí.

1.
Etí bàbá yìí ti ń di. Bí àwọn ọmọ bá ń ṣàwàdà nídìí oúnjẹ, ìgbà tí gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín tán ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín, kó má baà dà bí ẹni tí kò gbọ́. Èyí dun àbúrò, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sùúrù nítorí iṣẹ́ rẹ̀ tí kì í kánjú. Ó bá ṣe ẹ̀rọ agbóhùnsókè kékeré kan, onípele mẹ́ta: ọ̀kan ń gba ohùn, èkejì ń fún un lágbára, ẹ̀kẹta ń tì í jáde sínú sípíkà.

Ìpele kọ̀ọ̀kan ní iná díẹ̀ tó ń gbà kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Bó bá kéré jù, ohùn á máa ha. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ á gbóná. Ooru á tún fa iná sí i, iná á tún dá kún ooru, títí nǹkan á fi jó. Ìdí nìyí tí Ìyá Sùúrù fi de tiransísítọ̀ kékeré kan, ẹ̀yà tó ń darí iná, mọ́ irin tó ń gba ooru ìpele tó kẹ́yìn, kó lè máa mọ̀ bí irin náà bá ń gbóná, kó sì dín iná kù.

2.
Ìyá Sùúrù jáde díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó tan ẹ̀rọ náà wò.

"Ohùn yìí ò tíì dùn tó," ó ní.

Ó yí iná sókè nígbà tí irin ṣì tutù. Ohùn dùn lóòótọ́! Tiransísítọ̀ kékeré yẹn ò jẹ́ kí ìbòrí ẹ̀rọ náà jókòó dáadáa, ó bá tú u kúrò lára irin, ó jẹ́ kó rọ̀ dirodiro, ó sì de ìbòrí pa. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

3.
Lọ́sàn-án ọjọ́ tí gbogbo ilé péjọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ síwájú bàbá. Ìyá Sùúrù pè é sínú gbohùngbohùn.

"Háà!" Bàbá dìde. "Ọmọ mi, ṣé bí ohùn rẹ ṣe rí nìyí? Tún pè mí!"

Ó ń pè é lọ́wọ́ nígbà tí èéfín yọ. Sípíkà kérora, ó dákẹ́. Bàbá na ọwọ́ sí i, ó jó o.

"Mo ti ní ká ra èyí tó dáa," ẹ̀gbọ́n yára sọ. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ obìnrin. "Ẹ gbé e kúrò. Mi ò fẹ́ ẹ̀rọ kankan mọ́. Etí tí mo ní yìí tó mi."

4.
Ìyá Sùúrù tú ìbòrí. Ó rí tiransísítọ̀ kékeré náà tó ń rọ̀ dirodiro, ó sì rántí ẹni tó yára dá òun lẹ́bi. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá wò ó."

Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó dorí kodò. "Ó dùn létí mi ni. Jọ̀ọ́, tún un ṣe, ká má jẹ́ kí bàbá mọ̀. Ṣebí ọmọ ìyá ni wá?"

"Ọmọ ìyá ni wá. Mo fẹ́ràn yín, ẹ̀yin olóríkunkun yìí. Ti ẹ̀rọ tó jó ò dùn mí, mo lè tún un ṣe. Bàbá ní etí òun tó òun, ẹ sì dákẹ́. Ìyẹn ló dùn mí."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ṣọ́ra! Ẹ má tú ohun tí ẹ ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ má torí dídùn ìṣẹ́jú kan yí iná ẹ̀rọ tí kò tíì gbóná sókè. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó jìyà rẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹbí ni wá, ká bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ parọ́ mọ́, ṣé òun kì í ṣe ẹbí ni?

Ìyá Sùúrù pààrọ̀ ohun tó jó, ó sì yí iná padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ ara rẹ̀ de tiransísítọ̀ kékeré yẹn padà mọ́ irin. Àwọn méjèèjì jọ jókòó tì í títí irin fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí iná sì dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà, Ìyá Sùúrù gbé e síwájú bàbá, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì na gbohùngbohùn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ibí ni kí ẹ ti sọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Bàbá á gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere."