Bí Yeshimebet Ṣe Pe Ọgọ́rin ní Ogójì

Yeshimebet kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mi ò mọ̀." Àìsàn tó ń ṣe é nìyẹn, kò sì sí dókítà kan ní gbogbo ìlú Debre Birhan tó ní oògùn rẹ̀. Nairobi ni bàbá rẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó padà wálé, tó gba yàrá kan nínú ọgbà Asnakech, ó ń sọ èdè Amhariki dáadáa, ó ń fi ṣàwàdà, ó sì ń fi bú èèyàn. Nọ́ńbà nìkan ló kù. Ó kà á dé mẹ́wàá, ó dúró síbẹ̀, ó sì ń yan kiri bí ẹni tó ti kà á dé ẹgbẹ̀rún.

Belaynesh, olùkọ́ tó ń gbé nílé kejì, fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, "Yeshi, wá jókòó tì mí. Kí kọfí yìí tó hó, màá ti kọ́ ẹ láti ogún dé ọgọ́rùn-ún."

"Èmi? Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí ni?"

"Ó dáa. Kí là ń pe ọgọ́ta?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Kò kàn wù mí kí n sọ ọ́ ni."

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Asnakech rán an lọ ra ọgbọ̀n injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń jẹ ọbẹ̀. Selasa ni ọgbọ̀n lédè wọn, silsa sì ni ọgọ́ta. Silsa ni Yeshimebet pè, obìnrin tó ń ta injera sì di ọgọ́ta fún un. Injera ni wọ́n jẹ láàárọ̀, òun ni wọ́n jẹ lọ́sàn-án àti lálẹ́, títí èyí tó kù fi gbẹ bíi páálí. Wọ́n bi í léèrè, ó ní, "Mo mọ̀ọ́mọ̀ rà á bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé àlejò ò lè yà ni?" Àlejò kankan ò yà.

Ohun kan ṣoṣo wà tí Yeshimebet ń fẹ́ láyé yìí. Asnakech bí ọmọbìnrin kan, ó sì ṣèlérí pé Yeshi ni yóò gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì, tí yóò sì jẹ́ ìyá ìsàmì rẹ̀ títí ayé. Yeshimebet kò ní ọmọ, kò sì ní àbúrò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fi ìrọ̀rí ṣe ìdánrawò bí yóò ṣe gbé ọmọ náà.

Ogójì ọjọ́ ni wọ́n máa ń ṣe ìsàmì ọmọkùnrin, ọgọ́rin ọjọ́ ni ti ọmọbìnrin. Nígbà tó ku ọ̀la, Asnakech pè é. Ó ní, "Bá mi sọ fáwọn aládùúgbò pé ọ̀la ni semanya ọmọ mi. Semanya o. Ṣé o gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, Àǹtí."

Kó tó dé ẹnu géètì, semanya, ìyẹn ọgọ́rin, ti fò lọ lórí rẹ̀. Ó lè padà lọ béèrè. Belaynesh tiẹ̀ ń fọ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Yeshi, ṣé kò sí?" Yeshi ní kò sí nǹkan kan. Arba ló wá sí i lẹ́nu, torí ó ti gbọ́ ọ níbi àsè púpọ̀, ó sì gbé e kiri láti ojúlé dé ojúlé. "Ẹ máa bọ̀ nílé Asnakech lọ́la. Arba ni."

Ogójì ni arba. Gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé obìnrin ni Asnakech bí. Ogójì tó wá kù ni ogójì òkú. Ta ló kú? Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n rántí Bàbá Derbew, bàbá Asnakech, tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí ẹnikẹ́ni ò rí níta látìgbà òjò. Wọ́n ní àṣé Asnakech ti sin bàbá láti ogójì ọjọ́, kò sọ fún ẹnì kankan. Wọn ò dúró di ọ̀la. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n ya dé pẹ̀lú ẹkún àti ìbínú.

Ìyá Wagaye, olórí ẹgbẹ́ ìsìnkú, ló ṣáájú. "Asnakech, kí la fi ṣẹ̀ ẹ́? A ní àtíbàbà, a ní ìkòkò, o wá lọ ri bàbá mọ́lẹ̀ bí ẹni ri iṣu?"

Àwọn tó kù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yin òkú. Wọ́n ní bàbá lawọ́, wọ́n ní bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí bàbá ò tíì bá jà. Lẹ́yìn fèrèsé, Bàbá Derbew ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń gbádùn ẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan wá ní bàbá a máa fi ọtí tó dáa pamọ́ ló tó fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde.

Ó ní, "Irọ́ nìyẹn. Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti ń yìn mí."

Ìyá Wagaye jókòó sínú bàsíà omi ìfọṣọ. Nígbà tí ara wálẹ̀, gbogbo wọn nawọ́ sí Yeshimebet.

Asnakech ní, "Yeshi, kí ni mo ní kó o sọ?"

"Ọ̀kan náà ni, Àǹtí. Bí a ṣe ń kà á ní Nairobi nìyẹn."

Bàbá Derbew wò ó. "Ọmọ yìí, ìyáàfin ẹgbẹ̀rún èèyàn ni orúkọ ẹ túmọ̀ sí, ọgọ́rin péré ló wá dá ẹ dúró?"

Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín, Asnakech nìkan ni kò rín. "Nọ́ńbà tó o ṣì, mo lè gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ ọmọ mi á máa bi ìyá ìsàmì ẹ̀ ní ìbéèrè, irọ́ ni wàá sì máa fi dá a lóhùn. Belaynesh, ìwọ lo máa gbé e lọ́la."

Yeshimebet bẹ̀bẹ̀, ó kúnlẹ̀, Asnakech ò gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Belaynesh gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Yeshimebet wà ní ilé ìdáná, ó ń gé àlùbọ́sà ọbẹ̀ adìyẹ, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó sọ fáwọn obìnrin pé àlùbọ́sà ni. Nígbà tí wọ́n dé, ọmọ náà di ìka Belaynesh mú, kò sì jọ pé ó fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ bá mi rí i pé àìmọye nọ́ńbà ló wà tí wọn ò bí mọ́ wa. Kò sí ìtìjú nínú ká béèrè. Ojú tó máa tini nígbà téèyàn bá béèrè kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń díbọ́n pé òun mọ̀ yóò pàdánù ohun tó fẹ́ràn jù lọ, ìṣojú rẹ̀ báyìí ni wọn yóò sì ti gbé e fún ẹlòmíràn.